Bí Ọpọlọ Gíà Bá Dákú

Ẹni tí ó bá dúró ní Challenge, nítòsí Post Office ní ìlú Ìlọrin, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, yóò rí ọkọ̀ oríṣiríṣi bí wọ́n ti ń tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ. Àwọn tí ń ta fóònù àti kọ̀ǹpútà ń palẹ̀ ọjà mọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí Tanke, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lọ díẹ̀, ó ń dúró díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni, ẹsẹ̀ òsì àwọn awakọ̀ wọ̀nyí ì bá ti máa ro wọ́n, nítorí kílọ́ọ̀ṣì ni wọn ì bá máa tẹ̀. Nígbà tí Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, àti Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún yẹn kan náà, fi gbòde kan, ọwọ́ awakọ̀ ni ó ń yí gíà púpọ̀ jù lọ nínú wọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti ń ya wọlé láti Amẹ́ríkà, tí Camry, Corolla àti Accord ti di ọkọ̀ olùkọ́, ọkọ̀ oníṣòwò àti ọkọ̀ akọ̀wé, gíà tí ń yí ara rẹ̀ padà, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní ọ́tò, ti gba ìgboro.

Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn náà ní ẹrù tirẹ̀. Ẹni tí ń fi ọwọ́ yí gíà mọ ohun tí gíà rẹ̀ ń ṣe, torí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é. Ẹni tí ń wa ọ́tò kò mọ̀. Ọjọ́ tí nǹkan bá yí bírí, bí ẹni tí wọ́n di lójú ni ó ń rí.

Kí olùkọ́ kan, fún àpẹẹrẹ, máa wa Toyota Camry tí wọ́n ṣe ní 1994 bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Bí ó ti dé Challenge, iná kékeré kan tí wọ́n kọ O/D OFF sí lára bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú ní ojú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ dúró fún àwọn tí ń sọdá. Nígbà tí ó tún fẹ́ gbéra, ó wúwo bí ẹni pé wọ́n di òkúta sí i. Ẹ́ńjìnì ń ké, táyà kò fẹ́ yí. Olùkọ́ náà rọra lọ́ ọkọ̀ dé ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì pe mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì gbọ́ ìró ọkọ̀, ó mi orí.

“Tíṣà, gíà yín ti lọ. Ẹ lọ wá owó tòkunbọ̀ mìíràn.”

“Ọ̀gá, ṣé gbogbo rẹ̀ náà ni ó lọ? Ní òwúrọ̀ yìí ó ṣì ń yí geere.”

“Bí gíà ọ́tò bá ti lọ, ó lọ náà nìyẹn, sà. Wọn kì í tún un ṣe.”

Gbólóhùn tí mẹkáníìkì fi parí ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ ní yíyẹ̀ wò, nítorí owó oṣù mélòó kan ni ó so mọ́ ọn. Lóòótọ́ ni gíà máa ń bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ̀ yìí ń ṣe lè má jẹ́ àmì ikú rárá. Ó lè jẹ́ pé ohun tí àwọn tí wọ́n ṣe é ti pinnu sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń ṣe: ọpọlọ gíà ti dákú, ara sì ń lo ìwọ̀nba tí ó kù fún un láti gbé olówó rẹ̀ délé.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ènìyàn, ó ní láti mọ ohun tí ó wà nínú gíà ọ́tò. Láàárín ẹ́ńjìnì àti gíà, níbi tí kílọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́sẹ̀ ì bá wà, kọ̀nfátà ni ó wà níbẹ̀: ìkòkò irin tí ọ́ìlì kún inú rẹ̀, tí abẹ̀bẹ̀ méjì kọjú sí ara wọn níbẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń yí ọ̀kan. Ọ̀kan yẹn ń da ọ́ìlì lu èkejì. Èkejì ni ó ń yí gíà. Abẹ̀bẹ̀ kékeré kẹta wà láàárín wọn tí ń darí ọ́ìlì padà sí ọ̀nà tí ó yẹ, òun ni ó sì jẹ́ kí agbára tí ń wọ inú gíà lè tó nǹkan bí ìlọ́po méjì agbára ẹ́ńjìnì nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Nínú gíà fúnra rẹ̀, àwọn àgbá eléyín wà tí wọn kì í fi ara wọn sílẹ̀ nígbà kankan. Ohun tí ń yàtọ̀ láti gíà kan sí òmíràn ni èyí tí wọ́n dì mú nínú wọn àti èyí tí wọ́n tú sílẹ̀. Àwọn abala kílọ́ọ̀ṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n rì sínú ọ́ìlì ni ó ń dì wọ́n mú, agbára ọ́ìlì ni ó sì ń tẹ àwọn abala náà pọ̀. Pọ́ǹpù kan ni ó ń fún ọ́ìlì ní agbára yìí, ẹ́ńjìnì ni ó sì ń yí pọ́ǹpù. Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù yìí yóò tún padà wá.

Gbogbo iṣẹ́ gíà ọ́tò, nígbà náà, kò ju pé kí ọ́ìlì gba ojú ọ̀nà yìí tàbí kí ó gba tọ̀hún. Ta ni ó ń pinnu? Nígbà tí ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà gbé gíà Hydra-Matic jáde ní 1939 fún ọkọ̀ Oldsmobile ti 1940, kò sí iná mànàmáná kankan nínú ìpinnu náà. Àwọn irin kékeré kan ń yí bí ọkọ̀ ti ń sáré, bí eré bá ti ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń fẹ̀ síta, tí wọ́n sì ń mú kí agbára ọ́ìlì kan ga sí i. Agbára ọ́ìlì kejì ń tẹ̀lé bí awakọ̀ ti ń tẹná sí. Àwọn méjèèjì ń ti fáàfù kan láti òpin kìn-ín-ní àti òpin kejì bí àwọn ọmọdé tí ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn. Èyí tí ó bá borí ni ó ń pinnu gíà. Ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ ni. Bátìrì lè kú lójú ọ̀nà, gíà náà kò ní mọ̀.

Láàárín 1980 sí 1990 ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ yìí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ń sọ fún un bí táyà ti ń yí sí, bí awakọ̀ ti tẹná tó àti bí ẹ́ńjìnì ti gbóná tó. Òun náà á rò ó, á sì fi iná ránṣẹ́ sí àwọn sólẹ́nọ́ìdì nínú gíà. Kọ̀ǹpútà yìí ni àwọn ará ọjà ń pè ní ọpọlọ ọkọ̀. Ó dín epo tí ọkọ̀ ń mu kù, ó sì mú kí gíà máa yí láìta ènìyàn nídìí. Ṣùgbọ́n ó tún mú ohun tuntun tí ó lè bàjẹ́ wá: wáyà lè já, omi lè wọ inú rẹ̀, eku lè gé e jẹ. Àwọn ọmọ tí ń fọ ọkọ̀ fún ni lè yín omi sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì títí yóò fi dé ibi tí kò yẹ kí ó dé.

Sólẹ́nọ́ìdì ni kókó ọ̀rọ̀. Wáyà bàbà ni wọ́n wé yí ihò kan ká, wọ́n sì fi irin kékeré kan sínú ihò náà. Bí iná bá wọ wáyà, yóò di mágínẹ́ẹ̀tì, yóò fa irin náà, ojú ọ̀nà ọ́ìlì kan yóò ṣí tàbí kí ó pa dé. Bí iná bá kúrò, sípíríǹgì yóò ti irin náà padà sí ipò rẹ̀. Ilẹ̀kùn onísípíríǹgì tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ni ó jọ: bí ọwọ́ ènìyàn bá wà lára rẹ̀ yóò ṣí, bí ọwọ́ bá kúrò yóò padà sí àyè rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì báà ṣọ́ ọ. Nítorí náà, kò sí ìgbà tí gíà yóò ṣàìmọ ohun tí yóò ṣe nítorí pé iná kò sí. Àìsí iná gan-an jẹ́ àṣẹ kan fún un. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe é ti jókòó, wọ́n ti bi ara wọn pé, “Bí gbogbo sólẹ́nọ́ìdì bá pàdánù iná lẹ́ẹ̀kan náà, gíà wo ni ó yẹ kí ó mú?” Bí wọ́n ti dáhùn ìbéèrè yẹn ni wọ́n ti la ojú ọ̀nà ọ́ìlì. Bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ti mú òòbẹ̀ sílẹ̀ láti ilé iṣẹ́.

Ohun kejì tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ọ̀pá gíà fúnra rẹ̀. Nínú Camry 1994 àti irú rẹ̀, kébù irin ni ó so ọ̀pá gíà mọ́ fáàfù kan nínú gíà. Kì í ṣe iná. Bí awakọ̀ bá fà á sí rìfáàsì, ọ́ìlì yóò gba ọ̀nà rìfáàsì, bí kọ̀ǹpútà fẹ́ bí ó kọ̀. Bí ó bá fà á sí páàkì, èékánná irin kan ni yóò há sínú eyín àgbá kan tí kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ yí. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí ọpọlọ gíà rẹ̀ ti dákú fi ṣì lè lọ sẹ́yìn kúrò nínú gọ́tà tí ó fẹ́ kó sí.

Nínú Camry olùkọ́ yìí, gíà mẹ́rin ni ó wà, sólẹ́nọ́ìdì méjì péré ni ó sì ń pín wọn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà pín in rọrùn, ó sì dára fún olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò láti yà sójú pátákó. Bí sólẹ́nọ́ìdì kìn-ín-ní nìkan bá ní iná, gíà kìn-ín-ní ni. Bí àwọn méjèèjì bá ní iná, gíà kejì ni. Bí èkejì nìkan bá ní iná, gíà kẹta ni. Bí àwọn méjèèjì kò bá ní iná, gíà kẹrin ni. Ohun méjì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lè ṣe, ìgbà méjì, ó di mẹ́rin. Kò sí ọ̀kan tí ó ṣòfò.

Ẹ̀yin òǹkàwé lè wò ó báyìí bí ọ̀ràn ti rí bí ọ̀kan nínú wọn bá kú. Bí ó bá jẹ́ ti kìn-ín-ní, gíà kìn-ín-ní àti ìkejì ti bọ́. Kọ̀ǹpútà tí ó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ yóò fún èkejì ní iná, ọkọ̀ yóò sì máa gbéra ní gíà kẹta. Ìkẹrin náà wà fún ojú ọ̀nà gbọọrọ. Bí ó bá jẹ́ ti èkejì ni ó kú, ọkọ̀ yóò gbéra dáadáa ní gíà kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni yóò ti fò bọ́ sí ìkẹrin, bí ọmọ tí ó fi kíláàsì méjì sílẹ̀ láàárín. Bí àwọn méjèèjì bá kú, gíà kẹrin nìkan ni ó kù tí ọ̀pá bá wà ní D.

Níbí yìí ni ìwúwo tí olùkọ́ náà rí ní Challenge ti wá. Nínú gíà yìí, nígbà tí ó bá wà ní gíà kìn-ín-ní, ẹ́ńjìnì ń yí ìgbà 2.81 kí ọ̀pá tí ó ti inú gíà jáde tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Ní ìkejì, ìgbà 1.55, ní ìkẹta, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀kan, ní ìkẹrin, ìgbà 0.7. Ẹni tí ó bá pín 2.81 sí ọ̀nà 0.7 yóò rí i pé ó tó nǹkan bí mẹ́rin. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ tí ó gbéra ní gíà kẹrin ń lo ìdá kan péré nínú mẹ́rin agbára tí ó máa ń fi gbéra. Kọ̀nfátà nìkan ni ó ń ràn án lọ́wọ́, ìrànlọ́wọ́ yẹn sì ń sọ ọ́ìlì di gbígbóná. Ẹni tí kò mọ̀ yóò tẹná mọ́ ọn, yóò tún tẹná mọ́ ọn, títí ọ́ìlì yóò fi jóná tí kílọ́ọ̀ṣì inú gíà yóò sì jó tẹ̀lé e. Nígbà náà ni gbólóhùn mẹkáníìkì yóò wá di òtítọ́: gíà ti lọ. Àìmọ̀kan ni ó pa á, kì í ṣe wáyà tí ó já.

Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe gíà yìí ti ro ìyẹn náà. Wọ́n la ojú ọ̀nà ọ́ìlì ní ọ̀nà tí ó fi jẹ́ pé, bí sólẹ́nọ́ìdì méjèèjì bá kú, tí awakọ̀ bá fa ọ̀pá sí L, gíà kìn-ín-ní ni yóò mú. Bí ó bá tì í sí 2, gíà kẹta ni. Bí ó bá tì í sí D, gíà kẹrin ni. Ìkejì nìkan ni ó sọnù. Ọ̀pá ọ́tò ti di ọ̀pá gíà ọlọ́wọ́ nìyẹn, láìsí kílọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ẹsẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá mọ èyí yóò gbéra ní L ní Challenge, yóò jẹ́ kí ọkọ̀ sáré díẹ̀, yóò ti ọ̀pá sí 2, bí ojú ọ̀nà bá sì ṣí yóò tì í sí D. Bí ó bá tún fẹ́ dúró, yóò dúró kí ó tó fà á padà sí L. Bí ó bá fà á sí L lórí eré, ẹ́ńjìnì yóò ké ju bí ó ti yẹ lọ, táyà iwájú sì lè yọ̀ bí ilẹ̀ bá tutù. Ó yani lẹ́nu pé ohun tí ó wúlò tó báyìí, díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti wa irú ọkọ̀ yìí fún ogún ọdún ni ó gbọ́ ọ rí.

Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ni ó dáhùn ìbéèrè náà bákan náà. Gíà AL4 tí Peugeot àti Renault jọ ṣe, tí ó wà nínú Peugeot 307 tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba ní Nàìjíríà lò, gíà kẹta ni ó máa ń dì mú bí nǹkan bá bàjẹ́, pẹ̀lú rìfáàsì. Iná ìgbà yìnyín àti iná eré ìje ojú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ yóò sì máa ṣẹ́jú pọ̀. Ará Ìlọrin tí kò rí yìnyín rí lè máa ṣe kàyéfì pé kí ni ti yìnyín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Chrysler, nínú gíà tí ó gbé jáde fún 1989, yan gíà kejì. Mercedes pẹ̀lú yan ìkejì fún gíà alámárùn-ún tí ó gbé jáde ní 1996, ṣùgbọ́n ó fi ọgbọ́n kan kún un: bí ìbàjẹ́ bá dé lórí eré, gíà tí ọkọ̀ wà ni yóò dúró sí. Ìgbà tí awakọ̀ bá dúró, tí ó fa ọ̀pá sí páàkì, tí ó pa ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́wàá, tí ó tún un tàn, ni ìkejì tó dé. Ìdí rẹ̀ hàn kedere. Bí ọkọ̀ tí ń sáré ní gíà karùn-ún ní ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ bá já sí ìkejì lójijì, ẹ́ńjìnì tí ń yí ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan yóò ní láti yí ju ìgbà 6,000 lọ, táyà yóò sì dúró gan-an lórí ọ̀dà. Ohun tí wọ́n ṣe láti gba ènìyàn là yóò wá pa ènìyàn.

Láti inú èyí ni ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í yan gíà kìn-ín-ní fún ipò àìníná ti yé ni. Gíà àárín ni ó sàn: ó lè gbéra bí ó tilẹ̀ lọ́ra, kò sì ní ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi lórí eré.

Agbára ọ́ìlì pẹ̀lú ní ipò àìníná tirẹ̀. Nínú Camry àtijọ́ yìí, kébù láti ibi ìtẹná ni ó ṣì ń darí rẹ̀, kò bá kọ̀ǹpútà tan. Nínú àwọn gíà tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, sólẹ́nọ́ìdì ni ó ń dín agbára ọ́ìlì kù kí gíà lè máa wọlé jẹ́jẹ́. Bí iná bá kúrò lára sólẹ́nọ́ìdì yẹn, agbára ọ́ìlì yóò ga dé òpin. Gíà yóò máa wọlé pẹ̀lú ìjá tí yóò mi orí èrò ọkọ̀, inú yóò sì máa bí awakọ̀. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Bí ó bá jẹ́ pé agbára ọ́ìlì ni ó já wálẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ì bá máa yọ̀ lórí ara wọn, wọn ì bá sì jóná kí ó tó dé Eyenkorin.

Ní ti sẹ́ńsọ̀, ọgbọ́n mìíràn ni. Camry 1994 ní sẹ́ńsọ̀ eré méjì, ọ̀kan lára gíà, ọ̀kan fún aago eré. Ti ara gíà ni kọ̀ǹpútà máa ń gbà gbọ́. Bí ìyẹn bá dákẹ́, yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èkejì, awakọ̀ sì lè má mọ ìyàtọ̀ bí kì í bá ṣe iná tí ń ṣẹ́jú. Ẹni tí ó bá rí iná náà tí ó ní “ṣebí ọkọ̀ ń lọ,” ti ń lo àpò kejì láìmọ̀ pé ti àkọ́kọ́ ti jò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì máa ń fi iye kan tí wọ́n ti pinnu tẹ́lẹ̀ rọ́pò ohun tí sẹ́ńsọ̀ ìgbóná ì bá sọ.

Ohun kan wà tí ó máa ń dẹ́rù ba ènìyàn ju gbogbo ìyókù lọ, tí kì í sì í ṣe àìsàn gíà rárá. Awakọ̀ tan ọkọ̀ ní òwúrọ̀, ọ̀pá gíà kò kúrò ní páàkì. Ó fà á, ó tì í, ó kọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, fíúùsì iná bíréèkì ni ó jó, tàbí kékeré tí ń bẹ lókè ẹsẹ̀ bíréèkì ni ó bàjẹ́. Titiipa kan wà lára ọ̀pá tí kì í tú àfi bí ó bá mọ̀ pé awakọ̀ ti tẹ bíréèkì, kí ọmọdé má baà fi ọ̀pá ṣeré. Bí kò bá sí iná, kò lè mọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà ọ̀pọ̀ Toyota, ihò tàbí bọ́tìnnì kékeré kan wà tí wọ́n kọ SHIFT LOCK sí. Kí awakọ̀ fa bíréèkì ọwọ́, kí ó tẹ bíréèkì ẹsẹ̀, kí ó fi orí kọ́kọ́rọ́ tẹ ibẹ̀, ọ̀pá yóò tú. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé ó ṣeé ṣe kí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ má máa tàn bí ó bá ń tẹ bíréèkì. Ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò mọ ìyẹn.

Gbogbo ètò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè ran gíà tí ọ́ìlì rẹ̀ ti jò tán lọ́wọ́, nítorí ọ́ìlì ni iṣan rẹ̀. Kò lè ṣe nǹkan fún kílọ́ọ̀ṣì tí ó ti jóná. Bákan náà, a ti sọ pé ẹ́ńjìnì ni ó ń yí pọ́ǹpù. Nítorí èyí, bí bátìrì bá kú, títì ọkọ̀ ọ́tò kò lè tan ẹ́ńjìnì rẹ̀, bí gbogbo ọ̀dọ́ Challenge tilẹ̀ péjọ tì í. Nítorí èyí náà ni kò fi yẹ kí wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ ọ́tò tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn nígbà tí táyà tí gíà ń yí bá wà nílẹ̀: gíà yóò máa yí, ọ́ìlì kò ní dé ara rẹ̀. Camry, táyà iwájú ni gíà rẹ̀ ń yí. Iwájú ni kí wọ́n gbé sókè.

Nínú àwọn ọkọ̀ tuntun tí ọ̀pá gíà wọn kò ní kébù mọ́, tí ó jẹ́ bọ́tìnnì lásán, awakọ̀ kò lè fi ọwọ́ yan gíà bí olùkọ́ yìí ti lè ṣe. Àwọn tí wọ́n ní kílọ́ọ̀ṣì méjì, bíi ti Volkswagen, lè pàdánù ìdajì gíà wọn, kí ó ku 1, 3, 5 tàbí kí ó ku 2, 4, 6. Ọ̀tọ̀ ni ìwé olówó ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì yẹ kí ẹni tí ó bá ní in kà á.

Olùkọ́ náà kò ra gíà. Ó ránṣẹ́ pe rẹwáyà kan tí ó mọ Toyota. Ọkùnrin náà kí mẹkáníìkì tí ó bá níbẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí n fi mítà wò ó ná kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀.”

Ó ṣí àpótí kékeré kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi wáyà so ihò TE1 mọ́ ihò E1, ó sì yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnì. Iná O/D OFF ṣẹ́jú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ó sinmi, ó tún ṣẹ́jú ní ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, mẹ́fà àti mẹ́ta. Nínú ọkọ̀ yìí, 62 ni sólẹ́nọ́ìdì kìn-ín-ní, 63 ni èkejì. Bí ó bá jẹ́ 42 tàbí 61 ni, ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ eré ni ì bá jẹ́. Nínú àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe láti 1996, irú ìwádìí yìí kò gba wáyà mọ́: ẹ̀rọ kékeré tí ń bá fóònù sọ̀rọ̀ ni ènìyàn yóò kì bọ ihò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, P0750 àti P0755 yóò sì jáde lójú fóònù.

Iye náà kò tíì sọ pé sólẹ́nọ́ìdì ni ó bàjẹ́. Ohun tí ó sọ ni pé iná kò kọjá bí ó ti yẹ. Sólẹ́nọ́ìdì tí ara rẹ̀ dá máa ń jẹ́ 11 sí 15 ohm lójú mítà. Bátìrì 12 volt, tí ènìyàn bá pín in sí 12 ohm, iná tí yóò kọjá jẹ́ 1 ampere, gẹ́gẹ́ bí òfin Ohm tí wọ́n ń kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì. Bí kò bá sí ohun tí ó kọjá, kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ọ̀nà ti já. Bí ó bá pọ̀ jù, ó mọ̀ pé wáyà ti kan ara wọn. Àìsàn kan ni ó ń fi ara pamọ́ fún un: bí ìdọ̀tí bá há irin sólẹ́nọ́ìdì mọ́lẹ̀, mítà yóò ní kò sí nǹkan. Ìdí nìyẹn tí rẹwáyà gidi fi máa ń fún un ní 12 volt tààrà, tí ó sì máa ń tẹ́tí sí i bóyá yóò dún “kọ́.”

Rẹwáyà náà wọn àwọn sólẹ́nọ́ìdì láti ibi tí wáyà ti wọ gíà. Ọ̀kan jẹ́ 13, èkejì jẹ́ 13. Ó fún wọn ní iná, wọ́n dún “kọ́, kọ́.” Lẹ́yìn náà ó fi ìka tọ wáyà láti ibẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní ẹ̀yìn bátìrì, níbi tí ooru ti ń tu eku lára ní òru, wáyà méjì ti já, eyín sì hàn lára rọ́bà wọn. Ó bó orí wọn, ó jó wọn pọ̀, ó fi téépù wé wọn, ó tú bátìrì sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè gbàgbé ohun tí ó kọ sílẹ̀.

Olùkọ́ náà gbéra ní D. Kí ó tó dé Post Office, gíà ti yí lẹ́ẹ̀mejì, iná O/D OFF kò sì ṣẹ́jú mọ́. Mẹkáníìkì béèrè lọ́wọ́ rẹwáyà iye tí mítà bẹ́ẹ̀ ń jẹ́.